Bí ọ̀rọ̀ títì ṣe lè wọ inú fáìlì kí ìwé ìkọ́lé tó jáde: ìtọ́sọ́nà fún àwọn káńsù Òṣogbo

Ohun tí a kì í ṣe dáadáa nìyí. Ẹnì kan mú pláànù gbọ̀ngàn àríyá, ilé epo tàbí ilé ìtajà ńlá wá. Ọ́fíìsì ètò ìlú yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ka yàrá, wọ́n ka fèrèsé, wọ́n wọn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde, tí títì tí gbogbo ọkọ̀ yẹn máa gbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fojú kan fáìlì náà. Ọjọ́ tí wọ́n da yanrìn sójú títì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ pé ilé kan ń bọ̀. Nígbà tí ilé bá parí, sún kẹ̀rẹ fà kẹ̀rẹ bẹ̀rẹ̀, gọ́tà dí, ọmọ ilé ìwé ń rìn láàárín ọkọ̀, a wá ń wá ẹ̀ṣọ́ tí yóò dúró sí ìkóríta.

Òṣìṣẹ́ káńsù Òṣogbo àti ti Ọlọ́rundá ni mo kọ èyí fún, àti àwọn kánsẹ́lọ̀, àti alága ẹgbẹ́ onílé tó fẹ́ mọ ìbéèrè tó yẹ kó gbé lọ sí ọ́fíìsì. Kò gba owó ńlá. Ó gba kí èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà jókòó yí máàpù kan ká kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀. Afárá òkè tó wà ní Ọláìyá ṣe ìkóríta kan lóore, ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan sí géètì tí wọ́n ṣí sí ibi tí kò yẹ ní àdúgbò tó kàn. Géètì yẹn, orí tábìlì ni a ti lè dá a dúró.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ètò ìdàgbàsókè Òṣogbo àti àyíká rẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti UN-Habitat, àjọ ìparapọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ibùgbé, jọ ṣe, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 2014 dé 2033. Ọdún rẹ̀ kò tíì pé, nítorí náà ó ṣì wúlò. Ẹ tẹ máàpù inú rẹ̀ sórí bébà tó tóbi, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ibi tí àwọn tó ń gba fáìlì jókòó sí. Bó bá wà nínú dúrọ́ọ̀ alága, ó ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní wò.

Lẹ́yìn èyí: tépù mítà 50, fóònù tó ní Google Earth, bébà tó mọ́ fóò tí ẹ lè tẹ́ sórí máàpù, ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo pláànù tó bá wọlé máa wọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé, àti orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ọ́fíìsì ètò ìlú, ẹ̀ka iṣẹ́ òde káńsù, iṣẹ́ òde ìpínlẹ̀, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti káńsù tó bá yín pààlà. Orúkọ èèyàn ni mo wí. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí “ọ̀gá ẹ̀ka” máa ń sùn sórí tábìlì.

1. Ẹ mọ ẹni tó ni títì náà

Títì ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti káńsù wà. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé kíkọ́ àti títọ́jú títì, gọ́tà àti iná ojú pópó lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi ọjà àti gáréèjì kún un. Ètò ìlú yàtọ̀: ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹni tó ni òǹtẹ̀ kọ́ ló máa ń ni títì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń já, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni burú. Fáìlì ni kò ní ọ̀nà tí yóò fi gba ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má fi ojú lásán dá a mọ̀. Ìpínlẹ̀ lè da ọ̀dà sí títì tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tó da ọ̀dà sì lè má jẹ́ ẹni tó ni ín. Sẹ́tíbáàkì, ìyẹn àyè tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí títì, ti títì ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ti títì àdúgbò, nítorí náà bí ẹ bá ṣì í mú, ilé tí ẹ fọwọ́ sí lè gba àmì pupa lọ́wọ́ ìjọba mìíràn lọ́jọ́ iwájú, onílé ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ òde ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ gba èsì lórí bébà.

Àyẹ̀wò: ojú ìwé àkọ́kọ́ fáìlì náà sọ orúkọ títì, ẹni tó ni ín, iye mítà sẹ́tíbáàkì láti àárín títì, àti ẹni tó fún yín ní iye náà.

2. Ẹ ya títì ọ̀la sórí ilẹ̀ òní

Ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń dùn mí jù nígbà tí a bá fò ó, torí kò ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí ìpìlẹ̀ bá ti wọlẹ̀.

Òṣogbo ti ń jáde kúrò nínú ara rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀nà Ọ̀fàtẹ̀dó, Òkínní àti Ìdó-Ọ̀ṣun, ẹ ó rí i pé ilé ti so mọ́ra débi pé àjèjì kò lè mọ ibi tí ìlú kan parí sí, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ni àwọn ibẹ̀ wà. Ilẹ̀ ẹbí ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹbí kan pe awọnlẹ̀, ó gé ilẹ̀ tirẹ̀ sí plọ́ọ̀tì. Ẹbí kejì ṣe tirẹ̀ lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Títì ti àkọ́kọ́ wá parí sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ti èkejì. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ sí ìwé. Síbẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ilé wá di ẹrú ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ panápaná kò sì lè yí padà níbẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí lójú ẹni tó mú pláànù wá. Éékà kan jẹ́ nǹkan bí plọ́ọ̀tì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Éékà 10 jẹ́ 60. UN-Habitat gba àwọn ìlú nímọ̀ràn pé kí ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ jẹ́ ti títì. Plọ́ọ̀tì tó kù fún títà jẹ́ nǹkan bí 42. Ẹni tó bá gé 60 jáde nínú éékà 10 kò fi ìṣísẹ̀ kan sílẹ̀ fún títì. Ẹni tó bá gé 55, ọ̀nà ẹsẹ̀ ló fi sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pè é ní títì. Wọ́n máa ń ké pé owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ sọ fún wọn pé plọ́ọ̀tì tí tírélà bíríkì lè dé ẹnu rẹ̀ kì í tà ní iye kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń fi bárò kó bíríkì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọlé létí ju òfin lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá mú pláànù ilẹ̀ gbígé wá ni kí awọnlẹ̀ rẹ̀ ya àyíká náà dé mítà 300 sí ẹ̀yìn ààlà, kí títì àwọn aládùúgbò hàn níbẹ̀, títì tirẹ̀ sì bá wọn pàdé. Ẹ tẹ́ bébà fóò sórí máàpù ògiri, kí ẹ fi pẹ́ńsù pupa fa títì tí ètò 2014 sí 2033 ti yà sílẹ̀. Bí ilà pupa bá gba inú plọ́ọ̀tì kọjá, fáìlì dúró síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: ẹbí á ní àwọn ti ta ilẹ̀ tó wà lójú ilà yẹn. Ẹ má dákẹ́, ẹ má sì fọwọ́ sí i nítorí àánú. Ẹ pe ẹni tó rà á kó tó fi bíríkì kan lé òmíràn. Àsìkò yẹn ni paṣípààrọ̀ plọ́ọ̀tì ṣì rọrùn. Lẹ́yìn tí ó bá kan òrùlé, owó gbà-má-bínú ni, káńsù kì í sì í ní in.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka tọ plọ́ọ̀tì èyíkéyìí lórí pláànù náà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ó yẹ kí ìka yín lè gba ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé títì ńlá láìgun fẹ́ǹsì ẹnikẹ́ni.

3. Ẹ ya fáìlì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú kan náà wo gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ á sú yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìgbé kan ṣoṣo kò nílò ju ìgbésẹ̀ 1 àti 5. Èyí tó nílò gbogbo ìgbésẹ̀ ni ilé epo, gbọ̀ngàn àríyá, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, bánkì, ilé ìtajà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ńlá, gáréèjì, ọjà, àti gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé sí plọ́ọ̀tì. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 ti là á sílẹ̀ pé kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò ipa lórí àyíká wá fún ilẹ̀ ìgbé tó ju hẹ́kítà 2 lọ, fún ilé iṣẹ́, àti fún ilé ọ́fíìsì tó ju àjà mẹ́rin tàbí 5,000 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní ITE máa ń dábàá pé kí a ṣe àyẹ̀wò títì bí ilé bá máa mú ọkọ̀ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá ní wákàtí tí títì kún jù. Iye yẹn bójú mu fún wa náà láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: àwọn kan máa ń mú ilé ńlá wá ní ẹyọ-ẹyọ, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà lónìí, mẹ́fà lóṣù tó ń bọ̀, lórí ilẹ̀ kan náà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí mo wí lókè ló máa tú wọn fó.

4. Ẹ ka ọkọ̀, ẹ má gba iye àfẹnusọ

Ẹ wá ilé tó jọ èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́ láàárín ìlú, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ọjọ́ tó kún jù. Fún gbọ̀ngàn àríyá, Sátidé ni. Fún ilé ìwé, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kí agogo tó lù. Fún mọ́sáláṣí, ọ̀sán Jímọ́ọ̀. Ẹ pín wákàtí sí ìṣẹ́jú 15, 15, kí ẹ fa igi fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, bọ́ọ̀sì, tírélà àti ẹni tó fẹsẹ̀ rìn, oníkálukú nínú àpótí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka títì tí ilé tuntun máa wà ní wákàtí kan náà.

Kí ẹ lè rò ó pọ̀, ẹ ka ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí ọ̀kan, ọ̀kadà sí ìdajì, tírélà sí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ mú òṣùwọ̀n kan, kí ẹ má yí i padà láti fáìlì sí fáìlì.

Ẹ má ṣe ka ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Ògọ́ọ̀sì, tàbí nígbà tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi, kí ẹ sì pè é ní ọjọ́ lásán. Ṣùgbọ́n bí ilé náà bá wà lójú ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, ẹ ka ọ̀sẹ̀ ọdún lọ́tọ̀, torí èrò láti gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀, ọkọ̀ ìwòsàn sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Gbọ̀ngàn aláàga 500, tí kíkà yín sì fi hàn pé ọkọ̀ 100 ló máa wá. Àyè tí ọkọ̀ kan gbà pẹ̀lú ibi tó máa fi yí padà jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 25. Ọkọ̀ 100 gba 2,500. Plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò ju nǹkan bí 465 lọ, nítorí náà ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ju plọ́ọ̀tì márùn-ún lọ, kí a tó kọ́ gbọ̀ngàn. Ẹni tó mú plọ́ọ̀tì méjì wá ti ń sọ fún yín pé orí títì ìlú ni òun fẹ́ máa gbé ọkọ̀ àlejò òun sí.

Ó ku ẹnu géètì. Bí ọkọ̀ 100 náà bá dé láàárín ìṣẹ́jú 30, tí ẹ̀ṣọ́ sì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, 60 péré ló máa wọlé. Ogójì á wà níta. Ní mítà mẹ́fà fún ọkọ̀ kan, ìlà náà gùn ní mítà 240. Ẹ lọ wọn mítà 240 láti ibi géètì, kí ẹ wo ìkóríta tó máa dí. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: kí wọ́n gbé àyẹ̀wò jìnnà wọ inú, tàbí kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà kejì.

Àyẹ̀wò: bébà kíkà wà nínú fáìlì pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó kà á, ẹlòmíràn sì tún ìṣirò náà ṣe, ó bá iye kan náà.

5. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú tépù

Géètì kò gbọ́dọ̀ wà ní igun ìkóríta. Kó ṣí sí inú, kó sì jìnnà sí etí títì tó mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ọkọ̀ tó ń dúró de ẹ̀ṣọ́ má fi ìrù sílẹ̀ lójú títì. Ti ilé epo gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ọkọ̀ agbépo, kí ẹnu ìwọlé rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ẹnu ìjáde. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí nílò tó mítà 65 kó tó lè dúró, nítorí náà ẹ dúró níbi tí awakọ̀ máa jókòó sí nígbà tó bá ń jáde, kí ẹnì kejì rìn lọ ní mítà 65. Bí fẹ́ǹsì, òpó tàbí kíóòsì bá bò ó mọ́ yín lójú, géètì gbọ́dọ̀ sún.

Ẹ wo gọ́tà. Ọ̀pọ̀ onílé ń fi kọnkéré bo gọ́tà iwájú ilé pátápátá láti fi ṣe ẹnu ọ̀nà. Omi tó yẹ kó lọ sínú odò wá ń lọ sínú ilé ẹlòmíràn. Ìbòrí tí a lè ṣí, tí ojú omi abẹ́ rẹ̀ kò kéré sí ti gọ́tà tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ni kí ẹ gbà. Ẹ fi mítà 1.5 sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pàtẹ ọjà sórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò: fọ́tò mẹ́rin nínú fáìlì, ọ̀tún, òsì, iwájú àti gọ́tà, tí tépù hàn nínú wọn.

6. Ẹ jókòó yí tábìlì kan ká

Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ó má yí padà. Àwọn tí mo dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ pè. Bí ilé bá máa kan ibùdókọ̀, ẹ pe aṣojú ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ti àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́, torí àwọn ló mọ ibi tí èrò ti ń sọ̀ gan-an, kì í ṣe ibi tí máàpù ní kí wọ́n ti sọ̀. Bó bá kan ilẹ̀ ẹbí, ẹ pe mọ́gàjí tàbí baálẹ̀ àdúgbò, kí ẹ sì fún wọn ní àga iwájú bó ṣe yẹ kí a ṣe fún àgbà. Ohun tí àgbà bá gbà lójú gbogbo èèyàn kì í yí padà lálẹ́.

Káńsù Òṣogbo àti Ọlọ́rundá pín ìlú kan náà. Ilé tí ọ̀kan fọwọ́ sí lè da gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ sórí títì èkejì. Ẹ fi fáìlì tó bá wà láàárín kìlómítà kan sí ààlà ránṣẹ́ sí aládùúgbò yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì.

Ẹ ṣọ́ra: ìpàdé tí kò ní ìpinnu ń fi àkókò onílé ṣòfò, ó sì ń lé àwọn èèyàn lọ sí ìkọ́lé òru. Fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀kan nínú mẹ́ta: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, tàbí bẹ́ẹ̀ ni bí o bá ṣe èyí.

7. Ẹ kọ àdéhùn tí a lè fi tépù wọ̀n

“Onílé gbọ́dọ̀ pèsè ibi ìgbọ́kọ̀sí tó tó” kì í ṣe àdéhùn. Ta ni yóò sọ pé ó tó? Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ọkọ̀ 100 nínú fẹ́ǹsì, tí ilẹ̀ rẹ̀ ti le, tí ìlà ti wà lórí rẹ̀, kí ẹ̀ka iṣẹ́ òde tó buwọ́ lù ú pé a lè ṣí ilé.” Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo àdéhùn ni ẹni tí yóò ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ parí.

Ẹ má sì fi ẹrù ìlú lé ẹnì kan lórí. Ohun tí ilé rẹ̀ fà nìkan ni kó tún ṣe: ẹnu ọ̀nà, gọ́tà iwájú, ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń yà. Gbígbòòrò títì fún gbogbo àdúgbò, bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba ni. Ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gba ẹjọ́ obìnrin kan tó fẹ́ fẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ní ìlú Tigard, tí ìlú sì ní kó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ojú omi àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ òun oníkẹ̀kẹ́. Ìdájọ́ wọn ni pé ohun tí ìjọba bá béèrè gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ìpalára tí ilé náà máa ṣe mu. Wọn kò dè wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tọ́, ó sì ń jẹ́ kí onílé gbà láìjà.

Àyẹ̀wò: ẹ fún ẹni tí kò sí ní ìpàdé ní àdéhùn náà kà. Bó bá lè lọ síbẹ̀ pẹ̀lú tépù kó sì sọ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é, ó dára.

8. Ẹ padà lọ

Ẹ lọ nígbà tí wọ́n bá ń pín ìpìlẹ̀, torí ibẹ̀ ni sẹ́tíbáàkì ti ń sọnù. Ẹ lọ kí wọ́n tó ṣí ilé. Kí ẹ̀ka iṣẹ́ òde àti ètò ìlú jọ lọ nínú ọkọ̀ kan, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lu bébà kan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ilé ti ṣí, ẹ tún ka ọkọ̀ lẹ́nu géètì ní ọjọ́ àti wákàtí kan náà. Ẹ kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ẹ fojú dá tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n yín kéré. Ẹ gbé e sókè fún fáìlì tó ń bọ̀, kí ẹ sì mú títì náà lọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó kàn pẹ̀lú bébà kíkà náà lọ́wọ́ yín.

Àyẹ̀wò: ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ lè rí i lórí ìlà kan ọjọ́ tí pláànù wọlé, ẹni tó ni títì, iye ọkọ̀ tí ẹ fojú dá, àdéhùn, ọjọ́ àbẹ̀wò àti iye ọkọ̀ tí ẹ kà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí àyè kan bá ṣófo lórí ìlà náà, ìgbésẹ̀ yẹn ni kí ẹ padà sí.